Ibi Kan Ṣoṣo Lábẹ́ Ọdán Àríwá

Ìṣẹ́gun Wage, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án

Gbèsè ná, kí ìkíni tó tẹ̀ lé e. Àga mẹ́fà ni mo yá lọ́wọ́ Bu Ginah, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ìrẹsì, fún ìpàdé àná. Márùn-ún ti dé ilé rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀kẹfà yẹ̀ lábẹ́ ọkùnrin tó ń ta bàlúùnù ọmọdé, mo ti gbé e fún káfíńtà, yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó bá padà. Ó tán. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ìwé, mo kí ọ. Orúkọ ọjọ́ ọjà ni Wage tí mo kọ sókè yẹn; márùn-ún ni tiwa, Legi, Pahing, Pon, Wage àti Kliwon, wọ́n sì ń yí po.

Mbak Wening ló fún mi ní ìwé yìí, ọmọbìnrin tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní kó ṣètò àfihàn nípa ojúde ààfin, níbi tí a ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bu Warsi, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ máa kọ, ẹ má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́." Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ní ìyẹn tó. Mo rò ó wò, ó tó lóòótọ́.

Kí n kọ ohun tó mú mi wọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọjọ́ tí yóò bá rẹ̀ mí. Lánàá, Pak Prastawa, ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń rí sí ọjà, dìde níwájú gbogbo ẹgbẹ́ wa. Ó ní, "Nínú ìwé tiwa, koríko lásán ló wà lójúde kí a tó tẹ́ táìlì sí i. Kò sẹ́ni tó ní àyè níbẹ̀ rí. Ẹ̀yin ogójì wá ń béèrè ogójì àyè. Ṣé kí ojúde wá di ọjà ni?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí wọ́n ti kó wa kúrò. Kí ọdún yìí tó parí, wọn yóò pinnu bóyá a ó padà tàbí a ò ní padà. Bí a bá jẹ́ koríko, a ti tán. Bí àfihàn yìí bá jẹ́ kí wọ́n rí i pé ènìyàn la jẹ́, ó ṣeé ṣe.

Èmi tí mo ń ta omi atalẹ̀ gbígbóná lálẹ́ ni alága ẹgbẹ́. Mi ò ní jẹ́ koríko.

Ọjọ́bọ̀ Legi, ọjọ́ keje

Mo lọ wo gbọ̀ngàn tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún wa. Ẹ̀yìnkùlé ni, níbi tí wọ́n máa ń kó àga tó ti bàjẹ́ sí. Òrùlé rẹ̀ dára. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ̀ dán.

Wening kó àwọn àwòrán àtijọ́ jáde. Òyìnbó lórí ẹṣin. Ṣójà tó ń yan. Olórí ìlú lábẹ́ agboòrùn. Ojúde wa mọ́ nínú gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀dá kan ò jẹun níbẹ̀ rí. Àfi ọ̀kan. Ní igun òsì rẹ̀, ayàwòrán ti gé obìnrin kan sí méjì láìmọ̀: èjìká kan, ọ̀pá tó gbé kọ́ ọ, àti agbọ̀n kan tí èéfín ń ti inú rẹ̀ jáde.

Mo ní, "Ìyókù rẹ̀ dà?"

Wening ní, "Òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá, Bu."

Ọjọ́ Àìkú Wage, ọjọ́ kẹwàá

Èmi ni mo mú àbá yìí wá, kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kí a ya ojúde sórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn: ọdán àríwá, ọdán gúúsù, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ẹnu ọ̀nà ààfin. Kí a wá kọ orúkọ kálukú síbi tó máa ń jókòó sí. Kí Pak Prastawa máa fi bàtà rẹ̀ tẹ orúkọ wa títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Wening ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá bí ẹni pé mo fẹ́ gbàgbé.

Ọ̀dà ńkọ́? Ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin rupiah ni agolo kan. Mo rẹ́rìn-ín, mo jáde. Mo gba etíkun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀ apẹja. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n ta èyí tó kù sí wọn lọ́wọ́ fún mi. Omi òkun pàápàá kò lè ṣí ọ̀dà yẹn.

Ìṣẹ́gun Legi, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ tọrọ dígí lọ́wọ́ Mbah Sadiman, bàbá onígbàjámọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge títí wọ́n fi kó wa kúrò ni dígí náà fi kọ́ lórí ìṣó lára ọdán àríwá.

"Dígí mi lo fẹ́ gbé lọ? Kí èmi wá máa fi ìfọwọ́bà gẹ irun àwọn ènìyàn?"

"Oṣù kan péré ni, Mbah."

"Oṣù kan péré. Ohun tí àwọn onítáìlì náà wí nìyẹn."

Mo jókòó. Ó gẹ irun oníbàárà méjì, èmi ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìró aṣọ wé dígí náà bí ọmọ tuntun, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Má wo inú rẹ̀ lójú ọ̀nà o. Ojú arẹwà ló mọ́ ọn lára, má dẹ́rù bà á."

Ẹtì Legi, ọjọ́ kejìlélógún

Ooru. Ìrẹsì ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá kílò kan. Atalẹ̀ náà ti ń kọ́ ìwà ìrẹsì. Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ti gbẹ, ojúde wà lórí rẹ̀, ó sì rẹwà. Lọ́túnla ni a ó kọ orúkọ.

Ọjọ́ Àìkú Pon, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ta bàlúùnù rí ibi tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gúúsù, mo kọ ọ́. Àwọn tó ń ta àgbàdo sísun rí tiwọn, mo kọ ọ́. Ó wá ku ìdí ọdán àríwá, níbi tí gbòǹgbò ti tẹ̀ bí orúnkún, tí òjìji kì í kúrò níbẹ̀ láàárọ̀, tí atẹ́gùn kì í sì í yẹ̀ ẹ́ lálẹ́.

Bu Ginah rìn lọ, ó dúró síbẹ̀. Mbah Sadiman gbé àpótí rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó jókòó.

"Mbah, orí àyè mi lẹ jókòó lé o."

"Àyè tìrẹ? Ìwọ tí mo máa ń fi àánú yá ní àyè náà láàárọ̀?"

"Ta ló yá ta? Kí ẹ tó la ojú, mo ti ta ìkòkò kan tán níbẹ̀."

Èmi náà, tí búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ní, "Ẹ gbọ́ ara yín ná. Àlejò mi ni ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló máa ń wà níbẹ̀ títí ìlú á fi sùn?"

Ó yẹ kí n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ní ojúde gan-an, kò sẹ́ni tó béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí kì í ṣe ohun tí a ń béèrè lọ́dọ̀ tiwa. Kálukú mọ ohun tó mọ̀, ó sì dákẹ́. Ilẹ̀ tí mo yà yìí ló ń béèrè rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ilé lálẹ́ ló ni ilé. Mo tẹ̀ síwájú, mo kọ ọ́: WARSI.

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ì bá sàn bí wọ́n bá pariwo. Bu Ginah rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dára, Bu alága. Ó dára gan-an." Ó gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ tí a to ohun àfihàn sí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Wening, ó ní ọmọ òun yóò wá gbé ṣíbí. Mbah Sadiman wé dígí rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdajì pẹpẹ ti ṣófo.

Ọjọ́ Ajé Wage, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo fi kẹrosíìnì nù ún. Mo fi iyanrìn ha á. Ọ̀dà ọkọ̀ ni. WARSI ń wò mí.

Ọjọ́rú Legi, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀rọ̀ ti dé etí Pak Prastawa. Ó pe ọ̀gá Wening lórí fóònù. Ó ní bí àwọn fúnra wọn ò bá mọ ẹni tó ni àyè, ọ́fíìsì òun ò lè bá wọn mọ̀ ọ́n. Ojú Wening pọ́n. Ó ní, "Bu, bóyá kí a kun gbogbo ilẹ̀ yìí ní funfun, kí a gbé àwòrán àtijọ́ kọ́ ara ògiri, kó parí síbẹ̀."

Mo ní, "Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, koríko la gbé kọ́ ara ògiri."

Mi ò tíì mọ ohun tí a ó ṣe. Àmọ́ mo mọ ilé Bu Ginah.

Àbámẹ́ta Wage, ọgbọ̀njọ́

Ìdájí ni mo lọ bá Bu Ginah, nígbà tó ń gbé ìkòkò kaná. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo jókòó tì í, mo mú ọmọrogùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀kọ. Ó wò mí.

"Tó o bá ń rò ó báyẹn, yóò jóná."

Mo rò ó dáadáa.

"Kí ló gbé ọ dé?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Imú ló fi rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ohun tí mi ò gbàgbé níbẹ̀ ni ìrì. Ilẹ̀ ojúde á gbẹ táútáú lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń jókòó sí nìkan á tutù. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ilẹ̀ yẹn mọ̀ mí."

Mo ní, "Kì í ṣe ìrì, Bu. Omi tí mo fi ń ṣan abọ́ ni. Tí mo bá ti palẹ̀ mọ́, mo máa ń dà á síbẹ̀, mo á fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ, kí ṣúgà má baà pe èèrà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Èèrà tí ì bá jẹ mí."

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ọdún mélòó lo fi ṣe é?"

"Mi ò kà á."

"Ìwọ! Ìwọ tó máa ń ka ẹ̀wà kó o tó sè é!" Ó rẹ́rìn-ín títí tí ìwúkọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé òun kì í pa iná òun bí òun bá ń lọ. Ẹyinná ló máa ń fi sílẹ̀ fún Mbah Sadiman kó lè fi gbé omi fífá irùngbọ̀n kaná. Èmi sì mọ̀ pé Mbah kì í gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ lọ sílé. Ó máa ń fi í ti igi, àwọn oníbàárà mi ló sì ń jókòó lé e lálẹ́. Mo ti rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú Kliwon, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Wening. Ó jókòó sílẹ̀, lórí orúkọ mi gan-an. Ó wá dìde fò. "Bu, ibi tí a kọ orúkọ sí ni a ti ṣì í. Àsìkò ló yẹ ká kọ."

Èrò rẹ̀ nìyí. Kí ibi tó wà lábẹ́ ọdán wà láìsí orúkọ. Kí ẹni tó ni àsìkò wá dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò rẹ̀, kó sì kúrò nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá pé. Àlejò tó bá dé láàárọ̀ yóò bá ẹnì kan. Èyí tó bá dé lálẹ́ yóò bá ẹlòmíràn. Èmi fi kún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín gbogbo ẹgbẹ́ sí àsìkò àsìkò, ibi kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí mo parí, ogójì ènìyàn ti wọ àyè mẹ́sàn-án. Mo tún un kà. Mẹ́sàn-án.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣí ju aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́ta lọ. Ọ̀gá Wening ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ láti ìdájí títí di alẹ́. Mo ní ọlọ́dẹ yín ńkọ́? Nígbà tó wà lápọ́n, ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń fi omi atalẹ̀ gbígbóná lé òtútù. Ọlọ́dẹ ti gbà.

Ọjọ́rú Pon, ọjọ́ kẹrin

Mbah Sadiman ní dígí òun kì í ṣe arìnrìn-àjò. Ó ní bí òun bá máa padà, kí èmi fúnra mi ha orúkọ yẹn kúrò, lójú òun.

Ó gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ti kú. Orúnkún mi ń dùn mí. Ó ń wí pé, "Ẹsẹ̀ A yẹn ṣì wà níbẹ̀ o... R ṣì ń ríran, fọ́ ọ lójú... Há à, I yìí le bí olówó rẹ̀."

Nígbà tí mo parí, ó fà mí lọ́wọ́ dìde. Ó ní, "Wàyí, ibo ni kí n kan ìṣó sí?"

Ọjọ́rú Kliwon, ọjọ́ kọkànlá

Gbogbo àsìkò ti ní ènìyàn lábẹ́ ọdán àríwá, àfi ọ̀kan. Wening béèrè láìfura: "Láti ìgbà tí Bu Warsi bá lọ sílé títí Bu Ginah yóò fi dé, ta ló máa ń wà níbẹ̀?"

Kálukú ń wo èékánná ara rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kenanga ni, tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó máa ń wọ aṣọ obìnrin, tó máa ń kun àtíkè sójú, tó sì máa ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ràn irú rẹ̀. Ẹnì kan láàárín wa ní àwọn ọmọ iléèwé ń bọ̀ wá wo àfihàn o. Òmíràn ní kí a fi àsìkò yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni Pak Prastawa ṣe ń kọ ìwé tirẹ̀."

Bu Ginah ni mo rò pé yóò bá mi jà. Òun ló gbẹ̀yìn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Òun ló máa ń bá mi sọ ẹrù kalẹ̀. Ní gbogbo ìdájí. Ọ̀pá yẹn wúwo, mi ò lè dá a sọ̀ láìdà á nù. Á sọ ọ́ fún mi, á sì yíjú síbòmíràn kí ojú má baà tì mí. Mi ò sì dúpẹ́ rí." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Ẹ lọ wá a."

Kenanga ń ránṣọ ní ìlú kejì báyìí. Ọkùnrin tó ń ta bàlúùnù mọ ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹtì Wage, ogúnjọ́

Pak Prastawa ránṣẹ́ pé òun yóò wá ṣí àfihàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.

Wening di orí mú. "Bu, a kì í dá aago fún ọ̀gá."

"A ò dá aago fún un. Sọ fún un pé òkìtì ìrẹsì alátalẹ̀ pupa tí a fi ń ṣí ayẹyẹ kò ní jinná kí aago mẹ́rin tó lù. Ta ló máa ń wá síbi àsè kí oúnjẹ tó jinná?"

Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ọdán ní aago mẹ́rin.

Àbámẹ́ta Pahing, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Kenanga ti wà lórí àyè abẹ́ ọdán, nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, irun rẹ̀ ti ń funfun lábẹ́ òdòdó. Bu Ginah wọlé pẹ̀lú ọ̀pá léjìká. Kenanga na ọwọ́, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó sì yíjú. Bu Ginah di ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó yí i tán. Ó ní, "Jókòó, jẹ ẹ̀kọ." Àwọn tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Lára ògiri lẹ́yìn wọn ni Wening gbé obìnrin tí wọ́n gé sí méjì kọ́, ó ti sọ ọ́ di ńlá, agbọ̀n kan tó ènìyàn.

Ní ọ̀sán, gbọ̀ngàn kún. Mbah Sadiman ń gẹ irun olùkọ́ kan, ó ń bú u pé orí rẹ̀ kò dúró sójú kan láti kékeré.

Aago mẹ́rin. Pak Prastawa dé pẹ̀lú ẹni méjì tó gbé kámẹ́rà. Ó ń wá ohun tó wà nínú àpótí dígí, kò rí i. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mbah gbọn aṣọ ọrùn oníbàárà rẹ̀, ó gbá irun jọ, ó fi bẹ́ǹṣì ti ọdán tí a tún yà sára ògiri, ó gbé dígí àti àpótí rẹ̀, ó lọ. Kò wo ẹ̀yìn. Mo ti ọmọlanke mi wọlé, táyà rẹ̀ wọ ibi tí ẹsẹ̀ àpótí Mbah ti kúrò, àwọn ènìyàn sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Pak Prastawa gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ta gan-an wá ló ni àyè yìí?"

Bu Ginah ń fi ṣíbí tún òkìtì ìrẹsì ṣe. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ní aago mélòó, Pak?"

Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ilé sì tẹ̀ lé e. Pak Prastawa pàápàá rẹ́rìn-ín, kámẹ́rà sì ń wò ó, kò lè gbé e mì.

Ó jẹun. Mo bu omi atalẹ̀ fún un, mo fi ìwé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀. Mo ní, "A ò béèrè ogójì àyè mọ́, Pak. Àyè mẹ́sàn-án ni. Àsìkò la ń béèrè. Orúkọ kálukú wà níwájú àsìkò rẹ̀, Kenanga náà wà níbẹ̀."

Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó tún kà á. Ó ní, "A ó wò ó, Bu."

Mo mọ "a ó wò ó". Ọdún mẹ́rin la ti fi ń jẹ ẹ́. Mo jókòó síwájú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì Mbah. "Mi ò ní kí ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Pak. Mi ò ní kí ẹ sọ pé rárá. Ọjọ́ tí ẹ ó dá wa lóhùn nìkan ni mo ń béèrè."

Ó wo àwọn tó gbé kámẹ́rà. Ó wo abọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tó lè wò. "Kí ọjọ́ ọjà márùn-ún yí po lẹ́ẹ̀kan, Bu."

"Pahing sí Pahing?"

"Pahing sí Pahing."

Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà lójú rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ Pahing, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, nígbà tí ọ́fíìsì bá ṣí, ni mo ń retí èsì.